Ọtí lálẹ́, tẹ́tẹ́ lóru, àyà jíjá láàárọ̀: kí ló ń ṣe àbúrò mi?

ÌyáÌbejì kọ:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bá mi bú u, torí ọmọ ìyá mi ni, ọ̀rọ̀ náà sì ti wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dùn, àwọn ọmọ mi kì í fẹ́ kó jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọtí ló kọ́kọ́ ń gbé sílẹ̀. Kì í ṣe èyí tó ń gbé èèyàn ṣubú o. Ìgò kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, á jókòó jẹ́jẹ́. Nígbà tí ọtí bá ti wọ̀ ọ́ lára, á fa fóònù yọ, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá sí bọ́ọ̀lù mọ́ lóru, á bọ́ sórí àwọn géèmù tó ń yí bírí, èyí tí èèyàn lè máa tẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Mo ti jókòó tì í rí, mo ń wo ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ kì í dùn! Ohun tí kò yé mi rárá nìyẹn. Ojú rẹ̀ á le, á máa fi gìgísẹ̀ kan lu ilẹ̀, èèyàn á pe orúkọ rẹ̀ títí kó tó dáhùn. Tó bá jẹ, á rẹ́rìn-ín músẹ́, kó tó di pé mo mu omi tán, ó ti dá owó náà padà síbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tó ta ló já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á gbé fóònù wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, ẹyọ kan péré ló kù!" Bíi pé owó ti wọlé ló máa ń sọ ọ́. Á tún ta òmíràn lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tó bá di nǹkan bí aago mẹ́ta òru, mo máa ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, oorun ti dá lójú rẹ̀. Láàárọ̀, kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní àyà òun ń já, pé ó ń ṣe òun bíi pé òun ti ṣẹ ẹnì kan tí òun ò mọ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá sì ta tẹ́tẹ́, kò sí ohun tí a ṣe tó dára lójú rẹ̀.

Mo bá a sọ ọ́. Ó ní ìbànújẹ́ ló ń mú òun mutí, pé tí ọkàn òun bá balẹ̀, òun ò ní fi ẹnu kàn án. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀, èwo ló ń fa èkejì? Báwo sì ni ohun tí kò fún èèyàn láyọ̀ mọ́ ṣe tún ń wu èèyàn tó báyìí?

Àdìsá_Àgbà kọ:

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Èmi ò gbà pé àìsàn ni. Ẹ gba káàdì báǹkì rẹ̀, ẹ má fún un lówó, kí ẹ sì pe àwọn àgbà ẹbí jọ kí wọ́n bá a wí. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan sílẹ̀ á fi sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sìÒru kọ:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn tí ọtí àti irú rẹ̀ ti di bárakú fún ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru ló sì pọ̀ jù níbẹ̀ fún mi. N ò rí àbúrò yín, n ò lè sọ pé nǹkan báyìí ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n aago mẹ́ta òru tí ẹ dárúkọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọpọlọ ní èròjà kan tó ń mú ara rọlẹ̀, GABA ni wọ́n ń pè é. Ó ní òmíràn tó ń ta ara jí, ìyẹn glutamate. Ọtí máa ń ti GABA lẹ́yìn, á sì tẹ glutamate mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń balẹ̀ nígbà tí ìgò àkọ́kọ́ bá wọlé. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í káwọ́ gbera kó máa wòran. Tí èèyàn bá ń mu ún lójoojúmọ́, ọpọlọ náà á máa dín agbára GABA kù, á máa fi kún ti glutamate, kí nǹkan lè dọ́gba. Ẹ wò ó bí ẹni méjì tó fi èjìká ti ilẹ̀kùn kan náà, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan lóde: bí ọ̀kan bá yẹra lójijì, ilẹ̀kùn á gbá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ tagbáratagbára. Ọtí ló yẹra láago mẹ́ta òru yẹn.

Ẹ̀dọ̀ kì í kánjú. Ọtí ìwọ̀n kékeré kan péré ló ń rí sí láàárín nǹkan bíi wákàtí kan. Kọfí ò lè mú un yá, omi tútù ò lè mú un yá. Ẹni tó mu irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ mẹ́rin tó sì sùn láago mọ́kànlá, ọtí á máa tán lára rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ṣì wà nínú oorun àsùnwọra. Ohun tó kù ni glutamate tí kò sẹ́ni tó dì í mú. Àyà á máa já, ara á máa làágùn, èrò burúkú á máa wọlé. Bí àbúrò yín ṣe sọ pé ó ń ṣe òun bíi pé òun ṣẹ ẹnì kan, n ò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí àsọdùn rárá. Ìpayà ló kọ́kọ́ dé, ọkàn ló wá ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí yóò bá ìpayà náà mu.

Ó ní ìbànújẹ́ ló ń mú òun mutí. Kò purọ́. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ nínú ìbànújẹ́ yẹn, ọtí àná ló gbé e wá. Tó bá di alẹ́, ìgò àkọ́kọ́ á mú ìpayà tí ọtí àná dá sílẹ̀ rọlẹ̀, á wá jọ pé ọtí ló ń wò ó sàn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó wọ wọ́ọ̀dù wa tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti bò mọ́lẹ̀, tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin láìsí ọtí, ojú wọn là, a ò sì fún wọn ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kankan. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn mìíràn ti wà kí ọtí tó dé, ìyẹn sì nílò ìtọ́jú tirẹ̀. Àmọ́ ó ṣòro láti mọ èyí tó jẹ́ ti ọtí àti èyí tí kì í ṣe ti ọtí nígbà tí ìgò ṣì ń ṣí lálaalẹ́.

Ìbéèrè yín kejì, bí ohun tí kò fúnni láyọ̀ ṣe tún ń wuni, òun ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹbí ẹni tó ní bárakú mọ ìdáhùn sí. Gbogbo ayé ló ń pe dopamine, èròjà mìíràn nínú ọpọlọ, ní èròjà ayọ̀. Kent Berridge àti Terry Robinson ní Yunifásítì Michigan wo àwọn eku tí wọ́n ti pa dopamine run nínú ọpọlọ wọn. Àwọn eku náà ò wá oúnjẹ mọ́, kódà bí oúnjẹ bá wà níwájú wọn gan-an, ebi ì bá pa wọ́n kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kán omi ṣúgà sí wọn lẹ́nu, wọ́n á máa lá ètè wọn bíi ti eku tí ara rẹ̀ le. Ó ṣì ń dùn mọ́ wọn, kò kàn wù wọ́n mọ́ ni. Lọ́dún 1993, àwọn méjèèjì kọ ọ́ jáde pé kí nǹkan wu èèyàn àti kí nǹkan dùn mọ́ èèyàn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọpọlọ ń ṣe wọ́n, àti pé nínú bárakú, wíwù yẹn á máa le sí i nígbà tí dídùn ò kúrò lójú kan, tàbí tó tiẹ̀ ń rẹlẹ̀. Ojú líle tí ẹ rí lójú àbúrò yín, ojú ẹni tí nǹkan ń wù ni.

Ibo wá ni wíwù yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀? Wolfram Schultz, onímọ̀ nípa ọpọlọ, yẹ ọpọlọ àwọn ọ̀bọ wò nígbà tí wọ́n ń fún wọn ní omi èso. Tí omi èso bá dé láìròtẹ́lẹ̀, dopamine á ru. Tí iná kan bá máa ń tàn ṣáájú omi èso, kò ní pẹ́ tí dopamine á fi pa omi èso tì, iná yẹn ni á máa ru fún. Tí iná bá wá tàn tí omi èso ò sì dé, dopamine á já wálẹ̀ ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Òun pẹ̀lú Peter Dayan àti Read Montague gbé àlàyé rẹ̀ jáde lọ́dún 1997. Ẹ fi wé ti àbúrò yín: ìró ìdérí ìgò, àga kan náà lálaalẹ́, fóònù tó gbọ̀n nínú àpò. Kó tó ta ohunkóhun ni ọpọlọ rẹ̀ ti ru. Bí kò bá wá rí i ta, jíjá wálẹ̀ yẹn ni ẹ̀ ń rí tí kò sí ohun tí ẹ ṣe tó dára lójú rẹ̀. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tún ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀ ṣe lọ́dún 2013, wọ́n kó bárakú tẹ́tẹ́ wá sí orí kan náà pẹ̀lú ọtí. Ara àmì mẹ́sàn-án tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni àìfararọ àti ìkanra tí èèyàn bá fẹ́ dín in kù tàbí kó dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Tẹ́tẹ́ tún wá le ní tirẹ̀, torí pé àìròtẹ́lẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. B. F. Skinner, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, ti fi ẹyẹlé hàn tipẹ́tipẹ́: tí ẹyẹlé ò bá mọ iye ìgbà tí òun máa fi ẹnu ṣá bọ́tìnnì kí oúnjẹ tó já bọ́, á máa ṣá a lọ láìsinmi, irú rẹ̀ ló sì ṣòro jù láti jáwọ́. Ní ti "ẹyọ kan péré ló kù" yẹn, Luke Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge wo ọpọlọ àwọn tó ń ta géèmù lọ́dún 2009. Kó kù díẹ̀ kéèyàn jẹ, ó máa ń ta ibi kan náà jí nínú ọpọlọ tí jíjẹ gan-an ń ta jí. Àwọn tó ń ta á sọ pé kò dùn mọ́ àwọn rárá, síbẹ̀ ó ń mú kó wù wọ́n láti tún ta. Pípàdánù ni, ṣùgbọ́n ọpọlọ gbà á bí ìṣírí.

Ẹ béèrè èwo ló ń fa èkejì. Ọtí máa ń sọ iwájú ọpọlọ di aláìlágbára, níbi tí a ti ń rò ó pé "ọ̀la ńkọ́?" Claude Steele àti Robert Josephs, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ṣàlàyé lọ́dún 1990 pé ohun tó wà níwájú ẹni gan-an nìkan ni ọtí ń jẹ́ kí èèyàn rí, gbogbo èyí tó jìnnà á ṣú. Tó bá jẹ́ fóònù ló wà níwájú rẹ̀, fóònù nìkan ló kù láyé nìyẹn, owó ilé ò sí níbẹ̀ mọ́. Àdánù á dé, ìbànújẹ́ á tẹ̀ lé e, ìbànújẹ́ á sì béèrè ọtí. Àwọn méjèèjì ló ń pe ara wọn, ẹ má wá èyí tó ṣáájú.

Bàbá Àdìsá, lórí owó, mo gbà pẹ̀lú yín, kí owó jìnnà sí i dára. Ṣùgbọ́n kí àwọn àgbà jókòó yí i ká láàárọ̀ tí ìpayà ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ìtìjú ọ̀sán yẹn, ìgò ni yóò gbé e lọ bá lálẹ́.

Mo_Ti_Kúrò_Níbẹ̀ kọ:

Ẹ̀gbọ́n, èmi náà jẹ́ bí àbúrò yín, ọtí àti tẹ́tẹ́ pọ̀. Ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ, bó ṣe rí lára mi nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí láti inú.

Ìyánhànhàn yẹn kì í pariwo. Ohùn ara mi gan-an ló máa ń lò. "O ti ṣiṣẹ́ lónìí. Odds (iye tí wọ́n máa san fún ẹni tó bá jẹ) nìkan lo fẹ́ wò, o ò ní ta á." Itọ́ á máa kún ẹnu mi. Àtàǹpàkò mi á ti máa lọ sí igun ibi tí ápùù náà máa ń wà lójú fóònù, bẹ́ẹ̀ mo ti pa á rẹ́ tipẹ́. Ọwọ́ á dé ibẹ̀ kí orí tó mọ̀.

Onímọ̀ràn tó tọ́jú mi kọ́ mi ní ohun kan tí Alan Marlatt, onímọ̀ nípa bárakú, fi sílẹ̀ fún wọn: kí n má bá a jà, kí n má sì gbà fún un, kí n kàn máa wò ó. Níbo ló wà lára mi? Ní àyà ni àbí ní ọ̀fun? Ṣé ó ń gòkè àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀? Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Àmọ́ òótọ́ ni, bí wọn ò bá fún un lóúnjẹ, á gòkè, á sì rọlẹ̀ láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí. Kí n tó mọ̀ yẹn, mo gbà pé bí n kò bá ta, á máa le sí i ni títí tí mo máa fi ya wèrè.

Àárẹ̀, ebi, ìbínú, àìrẹ́nibárọ̀, àwọn wọ̀nyí ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún un jù. Ẹ wo àbúrò yín dáadáa, ṣé kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bú u níbi iṣẹ́ ló máa ń pọ̀ jù?

Tó bá ní "ó ti pẹ́ tí kò wọlé, ó ti kù díẹ̀ báyìí," ẹ sọ ti ilé tẹ́tẹ́ Monte Carlo fún un. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ, ọdún 1913, dúdú jáde nígbà 26 léraléra lórí tábìlì roulette kan, níbi tí bọ́ọ̀lù kékeré ti ń bọ́ sórí dúdú tàbí pupa. Àwọn èèyàn ń kó owó lé pupa, wọ́n ń sọ pé pupa gbọ́dọ̀ jáde báyìí, owó ńlá ni wọ́n sì pàdánù. Ẹ̀rọ náà ò rántí ohun tó jáde lẹ́ẹ̀kan. Géèmù orí fóònù náà ò rántí.

Ẹ tún gbára dì fún èyí: nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ọtí nìkan sílẹ̀, tẹ́tẹ́ ló pọ̀ sí i, torí alẹ́ gùn, ọwọ́ mi sì ṣófo. Nígbà tí mo wá fi méjèèjì sílẹ̀, gbogbo nǹkan tẹ́. Orin ò dùn, àwàdà ò pa mí lẹ́rìn-ín, oúnjẹ kàn wà níbẹ̀ ni. Mo rò pé bí ayé mi yóò ṣe máa rí nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń padà sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọpọlọ ló ń tún ara rẹ̀ tò, pé díẹ̀díẹ̀ ni àwọn nǹkan kéékèèké á tún máa dùn. Ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti owó, owó oṣù mi ń lọ sọ́wọ́ ìyàwó mi tààrà. Báǹkì wà tó ń jẹ́ kí oníbàárà dí owó sísan fún tẹ́tẹ́, àwọn ilé tẹ́tẹ́ kan náà sì ń gbà kí èèyàn kọ̀wé pé kí wọ́n lé òun jáde. Ó yẹ kí àbúrò yín fúnra rẹ̀ bu ọwọ́ lù ú, ẹ má fi agídí ṣe é.

ÌyáÌbejì kọ:

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun ma. Àbúrò mi tó kúrò níbẹ̀, o ṣeun gan-an, n kò lè sọ bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe tù mí lára tó. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku ohun kan tí n ò sọ. Lọ́jọ́ tí kò bá tíì mu ún, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n. Tíì kékeré tí mo gbé fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan dà sí aṣọ rẹ̀. Ó sì máa ń làágùn bẹ́ẹ̀ ooru ò mú. Mo ti pinnu pé lálẹ́ òní, gbogbo ìgò tó wà nínú ilé ni mo máa dà nù, kó sinmi ọtí kíákíá. Ṣé mo lè ṣe é bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sìÒru kọ:

Ẹ má dà á nù o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka èyí ná.

Ọwọ́ gbígbọ̀n àti òógùn yẹn ń sọ fún wa pé ara rẹ̀ ti gbára lé ọtí. Ẹ rántí ilẹ̀kùn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dá a dúró lójijì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gìrì bíi ti oníwárápá láàárín wákàtí 6 sí 48. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, àwọn kan á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á máa sọ kántankàntan, ara wọn á gbóná, àyà wọn á máa sáré. Ìyẹn lè pa èèyàn. Mo ti wà níbẹ̀ lóru tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan tí àwọn ará ilé rẹ̀ tì mọ́nú yàrá nítorí ìfẹ́. Ó ń bá àwọn kòkòrò tí kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì jà, ó ń ṣà wọ́n lára aṣọ ìbora lọ́kọ̀ọ̀kan. A rí i gbà padà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù.

Nítorí náà, dókítà kọ́kọ́. Títí tí wọ́n á fi rí i, kó má fi kún iye tó ń mu, kó má sì já a lójijì. Dókítà lè fún un ní oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ GABA, tí wọ́n á máa dín in kù lójoojúmọ́, tí wọ́n á sì fi fítámì B1 kún un, torí ó máa ń tán lára ọ̀mùtí, àìtó rẹ̀ sì ń ba ọpọlọ jẹ́, ó ń mú ìrántí lọ. Ẹ má ra oògùn amúnisùn fúnra yín. Òun àti ọtí pọ̀ lè dá èémí dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn, oògùn wà fún ìyánhànhàn náà fúnra rẹ̀. Naltrexone ti ń ṣiṣẹ́ yìí fún ọtí láti ọdún 1994 tí wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà kan sì ń lò ó fún tẹ́tẹ́ náà. Ẹ bi wọ́n léèrè.

Ní ti tẹ́tẹ́, ó lè dá ìyẹn dúró lónìí. Inú á bí i, oorun lè má wá dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní gìrì.

Ohun kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Gbèsè tẹ́tẹ́, ọtí àti aago mẹ́ta òru, àwọn mẹ́ta yìí pọ̀ léwu. Ẹ bi í ní tààrà bóyá ó ti rò ó rí láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí èèyàn lọ́kàn, ọ̀pọ̀ ló máa ń sunkún ìtura pé ẹnì kan ti béèrè. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ nìkan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àdìsá_Àgbà kọ:

Nọ́ọ̀sì, mo ti gbọ́. N ò mọ̀ pé jíjá ọtí lójijì lè pani. Ṣùgbọ́n ti tẹ́tẹ́ ńkọ́? Kò sí ohun tó wọ ẹnu níbẹ̀. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ kí n gbà pé kì í ṣe ìwà lásán?

Ọmọ_Bàbá_Rẹ̀ kọ:

Bàbá wa, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn, torí ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀.

Bàbá mi ò ta tẹ́tẹ́ rí láyé rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni, òun ló máa ń fi ìṣirò ṣàlàyé fún wa pé ẹni tó ni ilé tẹ́tẹ́ ló ń jẹ. Nígbà tó dàgbà, àìsàn Parkinson mú un, èyí tó ń mú ara gbọ̀n. Dopamine ló ń tán nínú ọpọlọ wọn. Wọ́n fún un ní irú oògùn tó ń ṣe bíi dopamine, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nílẹ̀ dáadáa. Kò pẹ́ tí a fi rí i pé kì í sùn mọ́. Tẹ́tẹ́ ló ń ta lórí fóònù lóru. Owó tó fi pamọ́ ti ń lọ. Nígbà tí ìyá mi bi í, ó ní, "Mo mọ̀ pé n kò ní jẹ. Mo mọ̀ ọ́n ju yín lọ. Ṣùgbọ́n ó ń wù mí."

Nígbà tí a sọ fún dókítà, kò yà á lẹ́nu. Ó wà nínú ìwé oògùn náà pé ó lè fa bárakú tẹ́tẹ́. Wọ́n dín in kù, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ìfẹ́ tẹ́tẹ́ náà sì lọ. Ìwà bàbá mi ò yí padà nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìwà rẹ̀ ò sì yí padà nígbà tó parí.

Àdìsá_Àgbà kọ:

Ọmọ mi, o ṣeun. Ìyá Ìbejì, ẹ má pe àwọn àgbà ẹbí mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa bá yín dé ilé ìwòsàn, ẹ wá ẹnì kan tí òun fúnra rẹ̀ fọkàn tán.

ÌyáÌbejì kọ:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. N ò dà á nù. Mo dúró títí di ọ̀sán tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, mo jókòó tì í lẹ́yìn ilé, mo bi í ní ìbéèrè tí Nọ́ọ̀sì ní kí n bi í. Ó dákẹ́ títí. Ó ní èrò náà ti wá rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ó sunkún, èmi náà sunkún. A ò tiẹ̀ dúró di ọjọ́ kejì. Ọkọ mi wakọ̀, a gbé e lọ sílé ìwòsàn nírọ̀lẹ́ yẹn kan náà. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀ fún ìtọ́jú. Dókítà ní ó dára bí a ò ṣe já ọtí náà gbà lójijì lọ́wọ́ rẹ̀.

Fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, òun ló ní kí n mú un. Àlàyé eku yẹn ni mo kà fún un lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní kí n tún un kà.

Ó ní kí n bi ẹni tó ti kúrò níbẹ̀ ní ìbéèrè kan: ṣé òun ò ní lè wo bọ́ọ̀lù mọ́ láyé òun ni?

Mo_Ti_Kúrò_Níbẹ̀ kọ:

Ẹ bá mi kí i, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ fún un pé ìbéèrè yẹn ni èmi náà kọ́kọ́ béèrè.

Níbẹ̀rẹ̀, n ò wò ó rárá, torí ojú mi ò tíì lè rí bọ́ọ̀lù kó má rí odds. Bí wọ́n bá fẹ́ gbá kọ́nà, ọkàn mi á ti ṣírò iye tí ì bá wọlé. Èsì nìkan ni mo máa ń kà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí kò sí ohun tí èèyàn lè ta sí i mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pẹ̀lú ọmọ mi, lọ́sàn-án, fóònù ò sí ní yàrá, ìgò ò sí nílẹ̀. Mo máa ń dìde lọ síta nígbà ìsinmi àárín eré, torí ìgbà yẹn ni ìpolówó tẹ́tẹ́ máa ń pọ̀ jù. Mo ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Bí wọ́n bá ti dá fóònù rẹ̀ padà fún un, kó kọ̀wé sí mi níbí. Òru ni kó kọ ọ́, bí ó bá jẹ́ òru ló ń dà á láàmú.